Ìṣẹ́jú Méjì Láti Ilé Epo

Ọwọ́ mi ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnu mi tó pariwo. Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà wá sọ ọ́ lẹ́yìn mi. Bọ́ọ̀sì kejìlélógún gbá Leocadia, ọ̀rẹ́ mi tó ń ta nǹkan mímu gbígbóná, ọmọlanke rẹ̀ fò sókè, ìkòkò gbígbóná mẹ́rin dà sójú títì. Èmi Domitila Sulca dúró ní igun mi, mo wo aago ọwọ́ mi, mo kọ ọ́ sínú ìwé: bọ́ọ̀sì kejìlélógún, aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Ìgbà yẹn ni mo tó ké. Bí ènìyàn bá ti ń ṣe iṣẹ́ kan fún ọdún mọ́kàndínlógún, ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró de orí rẹ̀ mọ́.

Ìṣẹ́jú ni iṣẹ́ mi. Ní Lima níbí, datero ni wọ́n ń pe àwa tí a ń dúró sí igun títì pẹ̀lú ìwé àti aago. Bọ́ọ̀sì yòówù tó bá kọjá, a ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti ìṣẹ́jú tó kọjá. Bí èyí tó tẹ̀lé e bá dé, kọ̀ǹdọ́kítọ̀ á yọrí síta, á ní, "Àǹtí Domi, mélòó?" Bí mo bá ní, "Mẹ́jọ!", ó túmọ̀ sí pé ẹni tó ṣíwájú ti lọ tipẹ́, èrò ti pọ̀ ní ibùdókọ̀, kó máa rọra kó wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní, "Ọ̀kan!", ẹ yáa yà fún un o! Ọ̀kan túmọ̀ sí pé ẹnìkejì rẹ̀ ń bẹ níwájú níbẹ̀ yẹn, ó ń kó èrò rẹ̀, ó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀. Dírẹ́bà á tẹ iná, ọkọ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, kọ̀ǹdọ́kítọ̀ á ju owó onírin sí mi, ó di eré.

Àwọn tó jókòó sínú ọkọ̀ ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ dá wọn láre. Àwọn gan-an ni wọ́n ń lu páànù ọkọ̀: "Ọ̀gá, tẹ ẹ́! Ṣé òkú lo gbé ni?" Dírẹ́bà tó bá ń rọra ní títì wa, orúkọ ń bẹ fún un. Bàbá Hipólito tó ń wa bọ́ọ̀sì kẹsàn-án, Ìjàpá ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á fi ìka kọ ọ́ sínú eruku ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, òun á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún un kọ.

Ẹni tó gbá Leocadia, ọmọ mi ni. Kì í ṣe pé mo bí i, èmi ni ìyá ìsàmì rẹ̀. Apá mi yìí ló wà nígbà tí àlùfáà da omi sí i lórí, tó pè é ní Deyvis. Ṣùgbọ́n ní títì, Rayo ni, ìyẹn Mànàmáná, èmi ni mo sì sọ ọ́ ní Rayo. Láti ilé epo tí Zenobio, datero ẹlẹgbẹ́ mi, ń dúró sí, títí dé igun mi, kìlómítà mẹ́ta ni, iná ojú ọ̀nà méjì sì wà láàárín. Ìjàpá á fi ìṣẹ́jú mẹ́fà, méje, wá. Àwọn yòókù, márùn-ún, mẹ́rin. Ọjọ́ tí Deyvis kọ́kọ́ fi mẹ́ta dé, Zenobio pè mí lórí fóònù, a fi ìwé wa wé ara wọn, mo sì pàtẹ́wọ́ láàárín títì. Mo ní, "Rayo! Mànàmáná ọmọ mi!" Gbogbo igun gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ yẹn ti mọ́ ọn lára, ó sì ń wakọ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má gbà á lọ́wọ́ òun.

Mo sáré dé ọ̀dọ̀ Leocadia. Ó wà nílẹ̀ lórí ìlà funfun tí wọ́n kùn fún ẹlẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ yí síbi tí ẹsẹ̀ kì í yí sí, kínúà, ọkà tí a ń sè mọ́ ápù fún mímu láàárọ̀, tó fẹ́ lọ tà fún àwọn olùkọ́ iléèwé igun wa, dà mọ́ ọn láṣọ. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Domi, iná tiwa ni àbí tiwọn?"

Mo gbójú sókè. Ọkùnrin kékeré aláwọ̀ ewé tó wà nínú iná ẹlẹ́sẹ̀ ṣì ń rìn.

"Tiwa ni," mo ní.

"Mo ṣáà mọ̀ pé mo rí i," ó ní, ó sì dákú.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ ohun tí àwọn èrò ọkọ̀ ṣe. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n wo Leocadia, wọ́n wo aago. Ọkùnrin kan tó wọ táì ní kí kọ̀ǹdọ́kítọ̀ dá owó òun padà, òun ti ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Obìnrin kan fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú, ó ní, "Olúwa, ṣàánú," ó dá bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ lẹ́yìn dúró, bó sì ṣe ń gòkè ni mo gbọ́ tó ń sọ fún dírẹ́bà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sáré sí i o!" Mo sọ ọ̀rọ̀ kan sí obìnrin yẹn, mi ò ní tún un sọ níbí. Rayo ní tirẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó fi orí sáàárín orúnkún méjèèjì.

Lọ́yà ilé iṣẹ́ tó ni bọ́ọ̀sì náà dé kí ọkọ̀ aláìsàn tó dé. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì, ìtàn ti di òmíràn. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì kejìlélógún kúrò ní ilé epo ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú méje, pé ìṣẹ́jú mẹ́fà gbáko ló fi wá, jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tuntun, pé Leocadia ló ti ọmọlanke bọ́ sójú ọ̀nà lójijì. Wọ́n ti kọ irọ́ náà sínú káàdì tí wọ́n ń kọ àkókò ọkọ̀ sí, wọ́n sì ti lu òǹtẹ̀ lé e. Sájẹ́ǹtì tó ń wádìí ọ̀rọ̀ máa pa ìwé rẹ̀ dé lọ́jọ́ Ẹtì. Bó bá pa á dé bẹ́ẹ̀, Leocadia ló jẹ̀bi, Rayo á sì padà sídìí ọkọ̀ ní Sátidé.

Mo lọ wo Leocadia ní ọsibítù. Wọ́n ti fi irin mẹ́rin gún ẹsẹ̀ náà. Mo rò pé màá bá a nínú ẹkún, inú ìbínú ni mo bá a.

"Wọ́n ní mo sáré wọ títì," ó ní. "Èmi Leocadia! Ọmọlanke tó ru ìkòkò gbígbóná mẹ́rin, ife, ṣúgà, ọsàn wẹ́wẹ́, ta ló lè ti irú ẹ̀ kó sáré? Kí wọ́n wá tì í kí n wò wọ́n!"

Ẹ dárí jì mí, ẹ̀rín pa mí. Òun náà rẹ́rìn-ín, irin fà á lẹ́sẹ̀, ó bú mi.

"Má pa mí lẹ́rìn-ín mọ́, ìwọ oníìṣẹ́jú yìí. Gbọ́ mi. Ẹsẹ̀ yìí lè rìn, ó lè má rìn, ìyẹn wà lọ́wọ́ Ọlọ́run àti dókítà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba pé èmi ni mo ṣe ara mi léṣe. Kí ọmọ yẹn má sì tún wakọ̀ kọjá níwájú iléèwé yẹn mọ́. Mo mọ̀ pé ọmọ ẹ ni."

"Ọmọ mi ni."

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo ní ìwé lọ́wọ́."

"Ìwé ẹ mọ ìgbà tó dé. Ṣé ó mọ ìgbà tó gbéra?"

Leocadia ò jókòó pẹ́ nílé ìwé, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé ju ti lọ́yà lọ. Ìgbà tó gbéra wà nínú ìwé Zenobio. Ní aago mẹ́fà àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, èmi àti ẹ̀ máa ń fi aago wa bá ti rédíò mu, nítorí datero tí aago rẹ̀ bá ń purọ́, ebi ni yóò pa á. Ohun tí ìwé tirẹ̀ bá wí àti ohun tí tèmi bá wí, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Mo wọkọ̀ lọ bá a ní ilé epo.

Zenobio ò wojú mi. Ó fa fìlà rẹ̀ bojú.

"Tíì dà sí ojú ewé yẹn," ó ní.

"Tíì wo? Ìwọ tó jẹ́ kọfí lò ń mu láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ẹ́?"

"Domi, jọ̀ọ́, má pariwo. Bí àwọn dírẹ́bà bá gbọ́ pé ìwé wa wọ àgọ́ ọlọ́pàá, ta ló máa tún bi wá ní ìṣẹ́jú? Iṣẹ́ wa parí nìyẹn, tèmi tìẹ."

"Leocadia ńkọ́?"

"Leocadia lọ́mọ tó máa bọ́ ọ. Èmi ò ní ẹnì kankan." Ó wo títì lọ, ó wo títì bọ̀, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àti pé èmi ni mo sọ ọ̀kan fún un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó bi mí, mo ní ọ̀kan. Òótọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n wọ́n á ní èmi ni mo ní kó sáré."

"O mọ̀ bẹ́ẹ̀ lo ṣe ń sá!"

"Ìwọ ńkọ́, mélòó lo ti sọ fún un láti ọdún yìí wá?"

Mo pè é ní ojo. Mo pè é ní àgbà tí kò ní láárí, àwọn tó ń ra epo sì yíjú wò wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ nípa iṣẹ́ wa, òótọ́ ni. Láti ọjọ́ Ẹtì náà títí di òní, kò sí dírẹ́bà kan tó bi mí ní ìṣẹ́jú mọ́. Ọmọlanke Leocadia ni mò ń tì báyìí, kínúà rẹ̀ ni mò ń tà, ní igun mi kan náà. Wọ́n ń tutọ́ láti ojú fèrèsé bí wọ́n bá ń kọjá, mo sì ń jù wọ́n ní èèpo ọsàn. Ẹni tó bá rò pé òun lè lé mi níbẹ̀, kó wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Rayo wá sílé mi. Ó gbé búrẹ́dì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín wá bó ṣe máa ń ṣe ní ọjọ́ Ìsinmi, ó fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́, ó jókòó. Ojú rẹ̀ pọ́n. Kò tíì sùn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó.

"Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Mi ò rí i. Mo fi ìyá tó bí mi búra, mi ò rí i."

"O ò rí i torí pé eré ò jẹ́ kó o ríran."

"Gbogbo wa là ń sáré! Èmi nìkan kọ́! Bí mi ò bá sáré, wọ́n á gbé ọkọ̀ fún ẹlòmíì lọ́la, ẹ kúkú mọ̀. Èrò gan-an ò ní wọkọ̀ mi. Ṣé kí n di Ìjàpá ni?"

"Ìjàpá ò gbá ẹnikẹ́ni rí."

"Ìjàpá ò tíì débì kankan rí náà!"

Ọ̀rọ̀ yẹn pa á lẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Mo bi í pé kí ló fẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n jó ìwé náà. Ó ní ilé iṣẹ́ máa ṣe Leocadia dáadáa ní kọ̀rọ̀, pé kí n ṣáà jẹ́ kó kọjá, pé kí ló tún kàn mí nínú ẹ̀, àbí mi ò fẹ́ràn òun mọ́ ni. Mo ní kó máa lọ sùn. Ó dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó wá yíjú padà.

"Ṣùgbọ́n Ìyá, ẹ wo aago yín lọ́jọ́ yẹn, àbí? Mọ́kànlá sí mẹ́tàlá. Méjì ni. Ẹnikẹ́ni ò ṣe é rí."

Ojú rẹ̀ tó pọ́n yẹn tàn. Bí Ọlọ́run ṣe wà lókè, ó tàn. Kìlómítà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú méjì, àádọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí kan, níwájú iléèwé, ní àkókò tí àwọn ọmọ ń wọlé! Ohun tó bà mí lẹ́rù jù lọ kì í ṣe ojú tirẹ̀. Inú èmi náà dùn. Kò pẹ́, kò ju ìgbà tí ènìyàn fi ń ṣẹ́jú lọ, ṣùgbọ́n inú mi dùn, ọkàn mi sọ pé: méjì! Ọmọ mi! Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, mo da búrẹ́dì yẹn fún ajá.

Nígbà tí mo dé àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn dírẹ́bà bíi mẹ́wàá ti kún àgbàlá láti wá ti Rayo lẹ́yìn. Wọ́n súfèé sí mi. Ọ̀kan ní, "Ọ̀dàlẹ̀ ń bọ̀ o!"

"Ẹ máa súfèé," mo ní. "Fèrè lẹ mọ̀, ẹ ò mọ bíréèkì!"

Mo wọlé. Sájẹ́ǹtì jókòó sídìí tábìlì, bírò lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé kọ̀ǹpútà wọn ti kú láti Kérésìmesì. Lọ́yà wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Rayo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan tí kì í ṣe tirẹ̀. Bàbá Hipólito jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ilé iṣẹ́ ló mú un wá kó wá jẹ́rìí pé àwọn dírẹ́bà wọn kì í sáré. Ẹ ò rí nǹkan! Nínú gbogbo wọn, Ìjàpá nìkan ló lè sọ irú ẹ̀ kí ojú má tì í. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, orí àwọn tó wà níta sì kún ibẹ̀.

Mo gbé ìwé mi lé orí tábìlì, mo sọ ohun tí mo rí. Lọ́yà ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

"Ta ló fún obìnrin yìí láṣẹ láti máa kọ àkókò? Òǹtẹ̀ dà? Ìwé ọmọ iléèwé, tó fi bírò kọ, lójú títì!"

"Màmá," Sájẹ́ǹtì ní, kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó kàn ti rẹ̀ ẹ́, "ìwé yín sọ pé mẹ́tàlá ló dé. Ilé iṣẹ́ náà gbà pé mẹ́tàlá ni. Kò sí ìjà níbẹ̀. Ìgbà tó kúrò ní ilé epo ni ìjà wà."

"Ó wà lọ́wọ́ Zenobio."

"Zenobio dà?"

Zenobio ò wá. Sájẹ́ǹtì mí kanlẹ̀, ó fa òǹtẹ̀ sọ́dọ̀.

Àwọn kan ń sọ kiri pé mo ti gbèrò ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà láti ilé. Kí wọ́n máa sọ ọ́. Mo wo ọwọ́ Sájẹ́ǹtì lórí òǹtẹ̀ yẹn, mo wo Rayo, mo sì rántí ojú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," mo ní. "Sájẹ́ǹtì, ẹ jẹ́ kí èmi náà tún ìwé mi ṣe kó bá ti ìjọba mu." Mo fa bírò yọ. "Rayo. Láti ilé epo dé igun Domi. Mélòó lẹ pè é, Lọ́yà?"

"Mẹ́fà," lọ́yà ní.

"Mẹ́-fà." Mò ń pè é bí mo ṣe ń kọ ọ́. "Bàbá Hipólito, ẹ̀yin ńkọ́, mélòó lẹ fi wá lọ́jọ́ náà?"

"Mẹ́fà lé díẹ̀," Bàbá Hipólito ní. "Bí mo ṣe máa ń ṣe náà ni."

"Ẹ ò gbọ́ o! Rayo àti Ìjàpá, ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń gbé!"

Ẹ̀rín bú ní ojú fèrèsé. Ẹnì kan kígbe pé, "Ìjàpá Kejì!" Òmíràn ní, "Rayo ti kú, ẹ wá bá wa sin ín!" Wọn ò ní in lọ́kàn láti ṣe é ní ibi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ara wọn lójoojúmọ́ nìyẹn.

"Ẹ fi í sílẹ̀," mo ní, "kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n láti ọmọ ọwọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ máa ń wúwo. Mẹ́ta tí mo pariwo nígbà kan yẹn, bóyá aago mi ló ń sáré. Lọ́la màá kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri igun mi: Rayo, ìṣẹ́jú mẹ́fà. Kí gbogbo títì rí i kà."

"Ìyá." Ohùn Rayo ò ròkè. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Kí ni mo ṣe? Òótọ́ tí lọ́yà ẹ mú wá ni mo kọ."

Lọ́yà fọwọ́ bà á lápá. Níta, ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi í kọrin, "Mẹ́fà, mẹ́fà, Rayo mẹ́fà," àwọn yòókù ń pàtẹ́wọ́ sí i. Mo rí i bí ọmọ mi ṣe ń fa ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn. Mo rí i, mi ò sì dákẹ́.

"Mẹ́fà," mo ní. "Ọmọlanke Leocadia gan-an lè bá ẹ dọ́gba."

Ó fò dìde, àga ṣubú.

"Méjì!" ó ké. "Méjì ni! Aago méje kọjá mọ́kànlá ni mo kúrò ní ilé epo, ẹ bi Bàbá Zenobio! Iná àkọ́kọ́ pupa, mo kọjá! Ìkejì pupa, mo kọjá! Mi ò fẹsẹ̀ kan bíréèkì rárá! Ìṣẹ́jú méjì! Ta nínú yín ló ṣe é rí? Ẹ dá mi lóhùn, ta ni?"

Ẹyin lohùn. Ó ti balẹ̀. Lọ́yà di ojú rẹ̀. Bírò Sájẹ́ǹtì ń sáré lórí ìwé.

"Ẹ fagi lé ìyẹn," lọ́yà ní. "Inú ló bí i."

"Bírò ti kọ ọ́," Sájẹ́ǹtì ní.

Bàbá Hipólito ṣí fìlà rẹ̀. "Ọkọ̀ tèmi ló wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ilé epo," ó ní. "Mọ́kànlá ni. Mo ti fẹ́ sọ ọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ní bí mo bá la ẹnu, àwọn á gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Kí wọ́n wá gbà á."

Ìgbà yẹn ló tó yé Rayo. Ó gbé àga dìde, ó jókòó jẹ́jẹ́ bí arúgbó. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú. Mo ti múra de èpè pàápàá. Kò bú mi.

"Ìyá," ó ní, "ẹ ò sọ fún mi rí pé kí n rọra. Àní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ ò sọ ọ́ rí."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo wà lọ́jà o. Orí ń wọ́, mò ń pàtẹ́wọ́ fún un. Mo fẹ́ sọ pé Zenobio ló sọ ọ̀kan, pé iṣẹ́ mi kò ju kí n sọ ìṣẹ́jú lọ, pé ilé iṣẹ́, pé èrò ọkọ̀, pé gbogbo Lima.

"Òótọ́ ni," mo ní.

Sájẹ́ǹtì yí fọ́ọ̀mù náà sọ́dọ̀ mi kí n fọwọ́ sí i. Orúkọ mi wà níbẹ̀, iṣẹ́ mi, ohun tí mo rí, mọ́kànlá, mẹ́tàlá, iná pupa méjì, Leocadia lórí ìlà funfun, iná ẹlẹ́sẹ̀ aláwọ̀ ewé. Gbogbo rẹ̀ ló pé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó ku nǹkan kan," mo ní. "Kọ ọ́ pé èmi Domitila Sulca, ìyá ìsàmì rẹ̀, ni mo kọ́kọ́ pè é ní Rayo. Pé ọjọ́ tó fi ìṣẹ́jú mẹ́ta wá, mo pàtẹ́wọ́ fún un láàárín títì."

"Màmá, kò sí àyè fún irú ìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin."

"Kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́."

"Obìnrin yìí ò gbádùn," lọ́yà ní.

"Kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́, Sájẹ́ǹtì. Bí kò bá sí níbẹ̀, mi ò ní fọwọ́ sí i, màá sì jókòó síbí títí kọ̀ǹpútà yín á fi jí."

Ó fa ìwé náà padà, ó sì kọ ọ́ wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ní kó kà á sókè kí Deyvis gbọ́. Ó kà á. Mo fọwọ́ sí i.